Ipò Kejì

Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ ta Malachi lólobó, òun ni kò tètè gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní oríta, ó ń kan bọ́tìnì mọ́ bùbá funfun kan, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kán tó sára aṣọ. Ó gbójú sókè, bóyá ẹyẹ ló ń fò kọjá. Kò sí ẹyẹ. Ìgbà tó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló rí i pé ìdí abẹ́rẹ́ tó ń fi àtàǹpàkò tì ti gún ẹran wọlé, ó dúró síbẹ̀ bí èèkàn. Kò dùn ún. Ó fà á yọ, kò dùn ún. Ó tún mú un, ó fi gún ìka kejì bí ẹni ń dán ọwọ́ ẹlòmíràn wò. Òfo. Ọgbẹ́ tó ń dunni, a mọ ibi tí a ó fi òògùn lé. Èyí tí kò dunni, ta la ó bi?

Ní òdìkejì títì ni pátákó dúdú wà, níbi tí àwọn alátìlẹ́yìn máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ tábìlì líìgì sí lẹ́yìn gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ẹ̀jìrẹ́ ti Igbó-Ọrà ló wà lókè pátápátá pẹ̀lú pọ́ìntì mọ́kànléláàádọ́ta. Akòlú Rófàsì ti Èrúwà ń fi àádọ́ta mí sí i lọ́rùn. Eré kan ṣoṣo ló kù, àwọn méjèèjì ló sì máa pàdé, lọ́jọ́ Sátidé, ní pápá Igbó-Ọrà. Ọ̀mì lásán ti tó Ẹ̀jìrẹ́ láti gòkè sí líìgì ńlá.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ yọ̀? Ọdún mọ́kànlá léra wọn ni Ẹ̀jìrẹ́ ti ń wà lókè títí di eré ìkẹyìn, tí wọ́n á sì parí sí ipò kejì. Ìlú tí ìbejì pọ̀ sí bí ewé ilá ni Igbó-Ọrà, wọ́n ti sọ ọ́ di àwàdà. Wọ́n á ní, "Kẹ́hìndé ló kẹ́yìn dé, òun náà lẹ̀gbọ́n." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní Èrúwà ló wà nídìí ẹ̀.

Àwọn aṣọ́lé ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Aṣọ́lé mẹ́ta ló ti ṣọ́ ilé Ẹ̀jìrẹ́ kí Malachi tó dé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọwọ́ ọ̀tún wọn kú mọ́ wọn lára. Ọ̀kan wà ní Ayétẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi ń hú ẹ̀gẹ́. Ọ̀kan ti ìtìjú lọ sí Ṣakí, ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn, Ògúndìran tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Ṣèyífúnmi, kò kúrò ní pápá. Òun ló ń tọ́jú aṣọ eré, tó ń gé koríko, tó sì ń fa ìlà ẹfun.

Télọ̀ ni Malachi. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá kú, kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ló parí.

*

Bàbá Ṣèyífúnmi ló kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó gbé ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé méjì há abíyá òsì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò, níbi tó máa ń wà.

"Télọ̀, o kú iṣẹ́."

"Ẹ káàsán o, Bàbá Ṣèyí."

"Mo bá ọ fọ ìbọ̀wọ́ rẹ. Ó ń rùn bí òbúkọ."

Malachi gbà á, ó gbé e símú. Kò rùn bí òbúkọ. Òórùn òrí ló ń jáde nínú ti ọ̀tún, òrí tó ti pẹ́, tó ti fẹ́ máa kan. Ó fẹ́ bèèrè, ṣùgbọ́n ojú bàbá ti wà lára bùbá tí ẹ̀jẹ̀ ta sí.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Abẹ́rẹ́ ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé n kò mọ̀ ọ́n lára."

Bàbá Ṣèyífúnmi gbójú kúrò lára aṣọ. Ó wo pátákó tó wà lódìkejì, ó wo ọwọ́ Malachi.

"Àárẹ̀ ni," ó ní. "Fi omi gbígbóná sí i, kí o lọ sinmi. Tó bá sì di Sátidé tí kò tíì lọ, jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn, Bólúwadúró, ṣọ́lé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Bólúwadúró ni igbákejì aṣọ́lé, ọmọ tí ara ń yá láti wọ pápá. Bàbá lọ tán, Malachi jókòó, ó ń rò ó. Ta ni yóò jẹ èrè bí ọwọ́ òun bá kú? Bólúwadúró. Ó ka orúkọ yẹn sí ìka kan. Ìka náà kò mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kàn án.

*

Nígbà tí oòrùn ọjọ́ kejì wà láàárín méjì orí, tí àgbàlagbà kì í jẹ́ kí ọmọ rìn níta lásán, ẹnì kan dúró ní pápá. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó wà nídìí òpó òsì ilé bọ́ọ̀lù, níbi tí koríko kì í ti í hù, tí èèrà kì í gbà kọjá. Ó da nǹkan sílẹ̀ láti inú igbá. Ilẹ̀ mu ún kíá, bí ẹni tí òǹgbẹ ti ń gbẹ.

"Dì í mú," ó ní. "Má jẹ́ kó lọ."

*

Ọjọ́rú ni Alàájì Sàláúdéènì, bàbá ìsàlẹ̀ Akòlú Rófàsì, wa ọkọ̀ rẹ̀ láti Èrúwà wá sí ẹnu ọ̀nà Malachi. Gbogbo oríta yíjú sí i. Ẹni tó ń ta kúlíkúlí gan-an dá ọwọ́ dúró.

"Aṣọ́lé, ṣé o wà dáadáa?"

"Dáadáa ni mo wà, Alàájì. Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

"Ṣé ẹ jẹ́ kí wọ́n wà dáadáa? Atamátàsé mi jí lánàá, ó ní ẹsẹ̀ òun wúwo bí odó. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣe yín."

"Ẹ ní kó dín iyán kù, sà."

Alàájì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́. Malachi bọ̀ ọ́. Alàájì kò tètè fi í sílẹ̀. Ó di ọwọ́ náà mú, ó ń wò ó lójú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù, ó ń yọ̀ bí ẹni tó fi ọṣẹ kan wẹ̀ tí kò ṣan án kúrò. Ìgbà tó lọ tán, òtútù náà kò lọ. Ó gun ọrùn ọwọ́ Malachi.

Obadiah, akọ́nimọ̀ọ́gbá Ẹ̀jìrẹ́, ti rí gbogbo rẹ̀ láti ìdí ọ̀kadà rẹ̀.

"O wá na ọwọ́ sí i?"

"Kí ni kí n ṣe? Kí n na ẹsẹ̀ ni?"

"Ó ti ṣe é tán. Lójú mi ló ṣe é. Lọ́la, èmi àtìwọ, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ní Tápà."

Lálẹ́, Malachi sọ ọ́ fún Keturah, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà. Keturah fi omi gbígbóná bọ ọwọ́ náà, ó gbàdúrà lé e, lẹ́yìn náà ló bi í ní ìbéèrè tí kò jẹ́ kó sùn.

"Bàbá Kíkí, ọdún mọ́kànlá tí ẹ ṣe ipò kejì yìí, ta ló ṣe ipò kìn-ín-ní?"

"Ọdún kan, Ìsẹ́yìn. Ọdún kan, Òkèhò. Ṣakí gbà á lọ ní ìgbà mélòó kan. Ìbàdàn náà gbà á."

"Èrúwà ńkọ́?"

Malachi rò ó. "Èrúwà kò gbà á rí."

"Ẹni tó ń jalè fún odidi ọdún mọ́kànlá tí kò mú nǹkan kan lọ sílé rẹ̀, ṣé olè ni? Ẹni tó ń ṣe yín yìí kò fẹ́ kí Èrúwà gòkè. Kò kàn fẹ́ kí ẹ̀yin lọ ni."

*

Ifáfúnkẹ́, obìnrin oníṣègùn ti Tápà, jókòó sábẹ́ igi òro, ó ń bó èèpo igi kan sínú ọpọ́n. Bàbá rẹ̀ ni gbogbo Ìbàràpá ń sá tọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Òun kò fẹ́ràn ariwo. Obadiah kò tíì parí ìkíni tó fi gé e lẹ́nu.

"Alàájì Èrúwà ti wá síbí. Ó ní ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà ti di ẹsẹ̀ àwọn ọmọ òun."

"Irọ́ ni, Màmá. Òun ló dì wá. Kí lẹ fún un?"

"Ọṣẹ."

"Ọṣẹ kí ni?"

"Ọṣẹ ìfọwọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, bó bá wẹ̀, ara á tù ú. Ẹ̀yin náà ẹ lè rà á."

"Èyí tó lágbára ju tiẹ̀ la fẹ́."

"Kóòṣì, dákẹ́. Aṣọ́lé, mú ọwọ́ wá."

Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ọwọ́ Malachi, ó ń tẹ̀ ẹ́ yípo. Malachi wo ibi tó ń tẹ̀. Lábẹ́ awọ, àpá kan wà tó lọ́ mọ́ ara rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ti fi okùn so ewúrẹ́ pẹ́. Kò rí i tẹ́lẹ̀. Màmá yọ ọwọ́ kíá.

"Bàbá mi ló lọ́ èyí," ó ní, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe òògùn ọ̀tá. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń ṣe é fún."

"Ọ̀rẹ́ wo ló ń pa ènìyàn lọ́wọ́?" Malachi ní.

"Èmi kò bi bàbá mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó so ó gbọ́dọ̀ máa fún un ní nǹkan mu, pàápàá ní ọ̀sán gangan ọjọ́ tó ṣáájú eré ìparí. Lọ síbi tí aṣọ́lé ń dúró sí, kí o sá pamọ́. Bí o bá rí ẹni náà, má lù ú. Ọwọ́ tí okùn mú nìkan ló lè tú okùn. Bí o bá tú u tán, odò Ọ̀fìkì ni kí o jù ú sí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Má mú un wọlé. Ṣé o gbọ́ mi? Má mú un wọlé."

Nígbà tí wọ́n ń padà, eruku bo ojú ọ̀nà, Obadiah sì ń pariwo láti iwájú ọ̀kadà. "Má dá a lóhùn jàre. Ta ló mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún? Ọṣẹ náà la ó lò." Malachi jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ọrùn rẹ̀. Ọdún mélòó ni Obadiah ti ń kọ́ Ẹ̀jìrẹ́? Ó ti lé ní mẹ́wàá. Bí wọ́n bá gòkè, líìgì ńlá yóò fẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ní ìwé ẹ̀rí. Obadiah kò ní. Malachi pinnu pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lọ sí pápá, títí kan Keturah.

*

Ọ̀sán Jímọ̀ọ́. Àwọn Mùsùlùmí wà ní mọ́ṣáláṣí, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń sinmi nílé. Malachi dúró nínú yàrá ìmúra, ó ń yọjú láti ojú fèrèsé tó ti fọ́. Pápá ń gbóná yọ́ọ́yọ́ọ́. Òjìji òpó kúrú, ó kúrú, títí tó fi wọ ìdí òpó lọ pátápátá. Ẹyẹ kan tó ń ké dákẹ́.

Ẹnì kan yọ láti ẹ̀yìn ilé bọ́ọ̀lù. Igbá wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú àpò.

Kí Malachi tó rí ojú rẹ̀ ló ti mọ ìrìn rẹ̀. Ó jáde sínú oòrùn.

"Bàbá Ṣèyífúnmi."

Bàbá kò ta gìrì. Ó da igbá náà tán ná, ó gbọn ẹ̀kán ìkẹyìn òrí yíyọ́ sílẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa wá," ó ní. "Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ, ẹkún nìkan ni wọ́n mọ̀."

"Kí ni mo fi ṣe yín?"

"O kò fi nǹkan kan ṣe mí. Ọmọ dáadáa ni ọ́." Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti òpó. "Ṣé o mọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ní ní Ayétẹ̀ nígbà kan? Ẹgbẹ́ ńlá ni. Wọ́n gòkè. Ọdún kejì, wọ́n já sísàlẹ̀. Wọ́n tún já, wọ́n ń já lọ, títí kò fi sí ibi tí wọ́n lè já sí mọ́. Màlúù ló ń jẹ ní pápá wọn báyìí. Àwa náà ti fẹ́ já lọ́dún yẹn. Àwa mẹ́ta tá a dá Ẹ̀jìrẹ́ sílẹ̀, a sunkún. A lọ sí Tápà, a ní kí ẹgbẹ́ wa má já láé. Bàbá arúgbó yẹn ní òun lè so ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n okùn kì í dúró láìsí èèkàn. Ó ní ta ni yóò ṣe èèkàn? Mo na ọwọ́ mi. Aṣọ́lé ni mí, kí ni iṣẹ́ mi bí kò ṣe kí n di nǹkan mú?"

"Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ pé okùn tí kò jẹ́ kí ewúrẹ́ já sí kòtò, kò ní jẹ́ kó jẹ koríko òkè?"

"Ọdún kejì la tó mọ̀. Ìgbà tí tèmi kú tán, okùn wá èèkàn mìíràn fúnra rẹ̀. N kò rán an." Ó wo ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n n kò dá a dúró. Gbogbo Jímọ̀ọ́ ìparí, màá ní n kò ní wá. Màá wá rántí màlúù Ayétẹ̀."

"Ọwọ́ tí mo fi ń bọ́ ọmọ mi nìyí, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ kúrò níbẹ̀."

Ògúndìran wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Malachi fi ọwọ́ òsì gbẹ́ ilẹ̀. Kò jìn. Ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé kan ló kọ́kọ́ yọ, ti ọ̀tún, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí, bí ẹni pé àná ni wọ́n bọ́ ọ. Òwú dúdú àti funfun tí wọ́n lọ́ pọ̀ ló yí i ká, kókó lórí kókó. Malachi kò rí òwú tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ilẹ̀ kò jẹ ẹ́, omi kò jẹ́ kó rà.

Ó gbé ọwọ́ tó ti kú lé e. Ìka rẹ̀ kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìka télọ̀ ni, wọ́n mọ kókó ju ẹni tó ni wọ́n lọ. Kókó kan tú. Òmíràn tú. Nígbà tó kan ti ìkẹyìn, nǹkan ta á láti èékánná dé èjìká, ó dùn ún débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín láàárín omijé.

"Ó ti já," Ògúndìran ní jẹ́jẹ́. "Ẹ ó gòkè lọ́la. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá ń já, má wá bá mi."

Malachi gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà Ọ̀fìkì. Ó dé etídò, ó sì ju ìbọ̀wọ́ sódò. Ó di òwú náà mú, ó ń yí i lọ́wọ́. Télọ̀ kì í ju òwú nù. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti nà án nítorí èyí tí kò tó ìka. Ó ní òun yóò padà wá jù ú lẹ́yìn eré. Ó ká a, ó fi í sí àpò.

*

Ọjọ́ Sátidé, pápá kún débi pé àwọn ènìyàn gun orí igi. Eré náà ń lọ sópin, kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, nígbà tí rẹfirí fún Èrúwà ní pẹ̀nálítì. Obìnrin kan lẹ́yìn ilé bọ́ọ̀lù ní, "Ipò kejì ti dé," bí ẹni ń kí àlejò tó mọ̀.

Atamátàsé ẹlẹ́sẹ̀ odó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Malachi fò sí ọ̀tún. Bọ́ọ̀lù bà á ní àtẹ́lẹwọ́, ó ta á bí iná, ó sì gba ẹ̀yìn òpó jáde lọ. Ọ̀mì. Ẹ̀jìrẹ́ gòkè. Ìlú ya wọ pápá.

Alàájì Sàláúdéènì wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ọwọ́ rẹ gbóná lónìí," ó ní, ó sì ń wo àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ta ọṣẹ ayédèrú fún.

Bàbá Ṣèyífúnmi kò jó. Ó ń kó aṣọ eré jọ, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

*

Líìgì ńlá kì í ṣe eré ọmọdé. Wọ́n lù wọ́n ní Òṣogbo, wọ́n lù wọ́n ní Abẹ́òkúta, wọ́n wá lù wọ́n nínú ilé. Malachi fi ilé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún Bólúwadúró, wọ́n fi òun ṣe ẹni tó ń kọ́ aṣọ́lé. Bàbá Ṣèyífúnmi kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì orí pátákó ń sọ Ẹ̀jìrẹ́ kalẹ̀, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí orúkọ wọn fi kan ìsàlẹ̀ pátákó. Àwọn ọmọ ilé ìwé kò fi Kẹ́hìndé ṣàwàdà mọ́. Wọ́n ń ké bíi màlúù bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Malachi rò pé òun ti gbàgbé òwú náà. Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà. Ní ọ̀sán kan tí òjìji kò sí, ó rí i tí ìka òun ń so ó, láì ronú sí i. Ìka tó tú u ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ó.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, Ẹ̀jìrẹ́ kò já mọ́. Wọ́n dúró sókè ìlà àwọn tó ń já pẹ̀lú ipò kan ṣoṣo, gbágbágbá, bí ohun tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ìlú ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀sán Ajé kan, Bólúwadúró yà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Bọ̀ọ̀dá Malachi, ẹ ò bá mi rí ìbọ̀wọ́ mi ti ọ̀tún? Mo ti wá a títí."

"N kò rí i."

Ọmọ náà kò lọ. Ó na ọwọ́ sínú oòrùn, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. "Mo fi gbá iná mú lánàá. N kò mọ̀ títí èèyàn fi sọ fún mi. Kí lẹ rò pé ó fà á?"

Malachi kò gbójú sókè kúrò lára iṣẹ́.

"Àárẹ̀ ni," ó ní. "Fi omi gbígbóná sí i, kí o lọ sinmi."

Ó ti abẹ́rẹ́. Ìdí rẹ̀ gún un ní àtàǹpàkò, ó sì dùn ún dáadáa.